Làsísì, Ṣé Èyí Náà Kì Í Ṣe Àdásọ?

Háà! Làsísì Àyìndé! Ó wá di gbére nìyẹn? Ó di ojú àlá?

Ẹ̀yin èèyàn tẹ́ ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, tẹ́ ẹ ń fi fẹ́ ara yín, ẹ dákun, ẹ dáwọ́ dúró ná. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́ nínú yín. Èmi tí gbogbo ẹ̀ ṣojú mi kòró gan-an, mi ò tíì gbà á gbọ́ tán. Ràfíù ni mò ń jẹ́, Ràfíù ọlọ́kadà, Bàbá Mùsílí, ọ̀rẹ́ olóògbé. Mi ò kàwé. Kúdí, ọmọ olóògbé, ló jókòó síwájú mi tó ń bá mi kọ ọ́. Ó ti ní kí n má bú bàbá òun nínú ẹ̀. Mo ní màá gbìyànjú.

Làsísì, ọkùnrin tí ẹnu ẹ̀ dùn ju oyin ìgàn lọ, tí òótọ́ ẹ̀ sì ṣòroó rí ju oṣù ọjọ́ kìíní lọ! Abà kan náà lẹ́yìn Lálúpon la ti dàgbà. Ẹ̀gẹ́ ni bàbá rẹ ń gbìn, ẹ̀gẹ́ ni bàbá tèmi náà ń gbìn. Ààlà kan ṣoṣo ló wà láàárín oko wọn, òun náà sì ni wọ́n ń jà sí. Nígbà tí a tó ọkùnrin, èmi bọ́ sórí ọ̀kadà, ìwọ bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó o yàn yẹn, ó pẹ́ kó tó yé àwọn ará ilé wa. Àdásọ lo pè é. Ẹnìkan ṣoṣo á dìde dúró, kò sí ìlù, kò sí ẹlẹ́gbè, kò sí aṣọ eré. Á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nǹkan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ni. Kò ní pẹ́, á parí. Èyí tó bá jẹ́ ti ẹ̀rín, ẹ̀gbẹ́ á máa ro èèyàn. Èyí tó bá jẹ́ ti ẹkún, wàá rí àgbàlagbà tó ń fi etí agbádá nu imú.

Àwọn ọmọ tó fẹ́ di òṣèré máa ń wá bá ọ láti Ìbàdàn. Mo gbé wọn títí. Wọ́n á ní kí o bá àwọn se àdásọ kékeré kan táwọn máa lọ fi hàn níbi tí wọ́n ti ń yẹ òṣèré wò. Ìwọ náà ò kàwé jù mí lọ. Ẹnu lo fi ń kọ́ wọn, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéú. Ọmọ tó ti Ọlọ́runṣògo wá pẹ̀lú bàtà funfun á jókòó sórí pàǹtí ẹ̀gẹ́, á ní, "Bàbá, ẹ tún un sọ." Wàá tún un sọ.

Ibi tó burú sí rèé. O kì í jẹ́ kí àdásọ kankan jáde nílé rẹ láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ dán an wò lára èèyàn, o ò sì ní sọ fún onítọ̀hún. Bó bá gbà á gbọ́, wàá ní, "Ó ti jinná." Bí kò bá gbà á gbọ́, wàá dá a padà sórí iná. Mo bi ọ́ nígbà kan pé ṣé o ò lè sọ fún èèyàn tẹ́lẹ̀ ni. O ní, "Ràfíù, ẹni tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣeré fún òun, ó ti mú ẹ̀rín wá látilé. Ẹ̀rín tó mú wá látilé, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Bí gbogbo abà wa ṣe di ṣíbí tó o fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò nìyẹn.

Ààfáà Búsárì wà níkàlẹ̀, kó jẹ́rìí sí mi. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí mọ́sálásí wa láti Akínyẹlé, tí kò tíì mọ irú èèyàn tí a jẹ́, Làsísì lọ bá a lọ́sàn-án gangan. Ó ṣí fìlà, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Ààfáà, ẹ gbà mí o. Àkùkọ mi ń pe ìrun."

Ààfáà ní, "Àkùkọ rẹ ń pe kí ni?"

"Ìrun àsùbáà, Ààfáà. Ó ń pè é ṣáájú ladání yín. Gbogbo ilé mi ló ń jí kírun sí i. Àwọn ìrun tí a ti kí ṣáájú àkókò yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n wọlé ni, àbí ìta ni wọ́n ṣì wà?"

Ààfáà bọ́ awò ojú. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ó ṣí tírà, ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ó gbàdúrà gígùn fún ìwọ Làsísì, fún ilé rẹ, fún àkùkọ náà, pé kí Ọlọ́run ṣí i níyè. Lẹ́yìn náà ló rán ladání pé kó lọ dúró lẹ́yìnkùlé Làsísì, kó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ àkùkọ náà. Ladání dúró sínú ìrì títí ilẹ̀ fi mọ́. Làsísì ò ní àkùkọ. Kò ní adìyẹ kankan rárá. Ọ̀fìnkìn ni ladání mú bọ̀, ìwọ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ò ń fi orín rin eyín, o ní, "Ó ti jinná." Ọmọkùnrin kan gbé àdásọ àkùkọ yẹn lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn tó ń yẹ òṣèré wò ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Wọ́n mú un. Ladání ò rí ẹnikẹ́ni mú òun.

Ti ladání ṣì kéré. Tèmi ńkọ́?

Lọ́jọ́ kan mo gbé ọ sẹ́yìn ọ̀kadà, à ń lọ sí Akínyẹlé. A ò tíì kúrò ní Lálúpon tán tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹkún lẹ́yìn mi. Mo ní kí ló dé. O gbé iwájú orí lé mi léjìká, o ní, "Ràfíù, Ìyá Kúdí ti kó ẹrù ẹ̀ lọ. Ó fi ṣíbí kan ṣoṣo sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣíbí kan sè, Ràfíù?" Ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn ló pa mí. Omi bò mí lójú, mi ò rí ọ̀nà mọ́, a sì jọ wọ inú kòtò. Nígbà tí a dìde, mi ò gba Akínyẹlé lọ mọ́. Mo yí ọ̀kadà padà, ó di Ẹgbẹ́dá, ilé àwọn àna rẹ. O ò dá mi dúró o! O jókòó sẹ́yìn mi bí àpò gàrí, ò ń fa imú.

Mo dé ibẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìyàwó rẹ. Ẹrẹ̀ kòtò ṣì wà lára mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ ọmọ yín. Ọkùnrin yìí ò mọ̀ ọ́n ṣe ni, kò burú. Ẹ jẹ́ kó padà sílé ọkọ ẹ̀."

Bàbá ní, "Ọmọ mi wo?"

Mo ní, "Ìyá Kúdí, sà."

Bàbá dìde fùú. "Ọmọ mi ti kúrò nílé ọkọ, kò sì dé ọ̀dọ̀ mi? Níbo ló wà? Kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?"

Kí n tó dìde nílẹ̀, wọ́n ti pe àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ jáde. Ọ̀kan gbá mi lọ́rùn aṣọ mú. Gbogbo wa ya lọ sí Lálúpon, ọkọ̀ kún. Nígbà tí a dé, Ìyá Kúdí ń da omi ìdọ̀tí nù lẹ́yìnkùlé. Ó wo bàbá ẹ̀, ó wo èmi tí wọ́n dì mú, ó wo ọkọ ẹ̀. Ó ní, "Àdásọ ni, àbí?" Ó wọlé lọ. Ìwọ wá sún mọ́ mi, o rọra ní, "Ràfíù, bó ṣe mú ọ dé Ẹgbẹ́dá yẹn, ó ti jinná o."

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbà ọ́ gbọ́ mọ́. Bó o bá kí mi pé ẹ kú alẹ́, màá kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Èmi nìkan kọ́. Lọ́jọ́ tí ejò bù ọ́ jẹ lóko, tó o figbe ta wọlé, àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ọ̀kan tiẹ̀ ní èyí tó o ṣe lọ́jọ́sí dùn ju báyìí lọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ wú bí odó ni wọ́n tó ní kí wọ́n pè mí kí n gbé ọ̀kadà wá. Mo dé ibẹ̀, èmi náà fi ìka tẹ ẹsẹ̀ yẹn wò dáadáa kí n tó gbé ọ.

Mo bi Ìyá Kúdí pé báwo ló ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ó ní, "Bàbá Mùsílí, bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ fi hàn mí. Lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi, mo rò pé ó ń dán an wò ni. Mo ṣì ń retí kó sọ pé ó ti jinná."

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọkùnrin yìí dáa. Kò fi iṣẹ́ ẹ̀ pọ́n ọmọ ọlọ́mọ lójú. Ọmọ tí kò bá rówó ọkọ̀ padà, á ní, "Ràfíù, gbé e lọ." Èmi ló ń ná an, òun ló ń gba àdúrà. Kò sì sí ìnáwó tàbí ọ̀fọ̀ kankan lábà wa tí kò ní dé, tí kò ní jókòó títí tí àwọn onílé á fi rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ti àìsàn yìí. Nígbà tó o kọ́kọ́ ní àyà ń dùn ọ́, gbogbo abà ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Nígbà tó o dùbúlẹ̀ tó o ò jáde mọ́, wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ń se ńlá. Ìyá Kúdí gbé ọ lọ sí ọsibítù, wọ́n fún ọ lóògùn, wọ́n ní kí o máa bọ̀ nílé. Mò ń wá lójoojúmọ́. Mò ń wò ọ́ tìfura-tìfura, ìwọ náà sì ń wò mí.

Ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀, àwa méjì péré la wà nínú yàrá. O ní kí n gbé ọ dìde. Mo fi ẹ̀yìn rẹ ti ògiri. O wo òkè àjà fún ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó o ṣe máa ń wòkè kó o tó bẹ̀rẹ̀ àdásọ. Ibẹ̀ ni ara ti fu mí. O wá ní, "Ràfíù, lọ́jọ́ tí ilé wa jó nígbà tí a wà lọ́mọdé, o bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ fún mi. O wá fi gèlè ìyá rẹ bo àyà lọ sóko, wọ́n sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí. Ojú ló ń tì mí. O ṣé o."

Kò sí ariwo, kò sí ẹkún. Ọ̀rọ̀ náà kàn dùn jù ni. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn tó báyẹn, tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó sì parí dáadáa, mo mọ ilé tó ti ń wá. Mo wò ọ́ lójú, mo ní, "Làsísì, ṣé ó ti jinná?"

O ní kí n tẹ́ ọ padà sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá pè mí pé o ti kú.

Mo sáré débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ ò ní lè purọ́ fún mi: kò sẹ́ni tó ń sunkún. Gbogbo wa dúró yí ẹní ká, à ń wo ihò imú ẹ̀. Ṣé ẹ rántí àdásọ òkú tó máa ń ṣe, èyí tí òkú sùn kalẹ̀ jẹ́ẹ́ títí tí ẹnì kan fi dé fìlà ẹ̀, tó wá dìde jókòó tó ní, "Ta ló ní kí o mú ìyẹn?" Gbogbo abà ló ti rí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ gbẹ́lẹ̀ fi ọkọ́ ti ògiri, wọ́n ní àwọn ò ní gbẹ́ ihò lásán. Ààfáà Búsárì náà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ààfáà, ẹ wọlé." Ó ní, "Mo ti gbàdúrà sí àkùkọ tí kò sí rí lábà yìí. Mi ò ní kírun sí òkú tí kò kú. Ẹ wò ó dáadáa."

Ni mo bá na ọwọ́ sórí ìṣó, mo mú fìlà Làsísì, mo dé e. Mo dé e gẹ̀ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe máa ń bí i nínú. Mo rìn yí ẹní ká. Mo ní, "Làsísì, èmi ni mo dé e o. Bi mí léèrè." Mo tún yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò dìde. Mo wo Ìyá Kúdí, Ìyá Kúdí wò mí, ó sì fọwọ́ lérí. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó bẹ̀rẹ̀ nílé yẹn. Ààfáà wọlé, wọ́n wẹ̀ ọ́, a sì sin ọ́ kí oòrùn tó yẹ̀.

Pé o kú, mo gbà. Ọpẹ́ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé èmi lo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àbí o fi mí tọ́ ọbẹ̀ wò? Bó bá jẹ́ èmi ni, a jẹ́ pé a jọ ṣe ọ̀rẹ́. Bó bá jẹ́ àdásọ ni, kí ni mo jẹ́ láti ọjọ́ yìí? Ọlọ́kadà. Ṣíbí.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, fóònù rẹ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ mi dún. Bùsọ́lá ni, ọmọbìnrin òṣèré kan tó ń wá láti Ìbàdàn. Èmi ni mo gbé e. Ó sunkún, ó kí wa kú ara fẹ́ra kù. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, sà. Bàbá ti ń se àdásọ kan fún mi, ti ọ̀rẹ́ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kó tó kú. Wọ́n ní ó ku díẹ̀ kó jinná. Ṣé wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni?"

Mo ní, "Ó fi sílẹ̀ fún mi." Mo pa fóònù.

Mi ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi gbé ọkà kalẹ̀, ọkà gbẹ. Nígbà tí Kúdí dé pẹ̀lú bírò pé kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ síwèé fídáù, mo ní kó yọ orúkọ mi. Ó ní, "Bàbá Mùsílí, ojú ewé yín ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé." Mo ní kó fi fọ́tò dí i. Ó ní fọ́tò wo? Mo ní ti àkùkọ. Ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà ń pariwo níta gbangba pé bàbá ẹ̀ lo mí bí ṣíbí, títí dé orí ikú. Mo sọ gbogbo ẹ̀ síta, ti ilé tó jó, ti ẹ̀wù, ti gèlè, ti Bùsọ́lá.

Ìyá Sàfù ló ń kọjá, obìnrin tó ń yan gàrí ní ẹ̀gbẹ́ ilé Làsísì. Ahéré tó ti ń yan án, ara ògiri yàrá Làsísì gan-an ni wọ́n fi tì. Ó ru gàrí tó fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ fún fídáù. Ó dúró, kò sọ ẹrù.

Ó ní, "Bàbá Mùsílí, ariwo yín ti pọ̀. Kò sí àdásọ tí ọkùnrin yẹn ṣe rí tí kò kọ́kọ́ fi di mí létí láti ẹ̀yìn ògiri. Á sọ ọ́, á tún un sọ, títí gàrí á fi jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tí ọmọ Ìbàdàn yẹn ń bèèrè, mo mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ṣọdẹ ni. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí ẹ̀wù, kò sí gèlè ìyá ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ gèlè tẹ́ ẹ ń pariwo yìí, òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ láyé mi. Ọkùnrin dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ní ṣé ó ti jinná. Ẹ gba ọpẹ́ yín, kí ẹ yẹ̀ lọ́nà fún mi. Gàrí yìí wúwo."

Mo yẹ̀ lọ́nà fún un.

Làsísì, kò tọ́pẹ́ o. Sùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Àyìndé, ọ̀rẹ́ mi.